Wọ́n ní àwa àlejò la pa pọ́ọ̀bù

Ẹni tó ní àwa àlejò la pa pọ́ọ̀bù, ìyẹn àwọn ilé ọtí àdúgbò, ní London kò tíì dúró lẹ́yìn káńtà rí. Èmi ti dúró níbẹ̀.

Nígbà tí mò ń kàwé, pọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Old Kent Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ìyá ará Ireland kan ló ń bójú tó o, màmá ni mò ń pè é. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa Guinness: o máa dẹ gíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, o máa gbé e kalẹ̀ kó tòrò, kó o tó fà á kún. Tó o bá kánjú, bàbá tó rà á máa wò ọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé àmàlà oníkókó ka iwájú ẹ̀.

Àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù. Gíláàsì kan, ọ̀rọ̀ wákàtí méjì. Nígbà tí òfin lé sìgá síta ní July 2007, àwọn kan lára wọn bá a lọ pátápátá.

Àmọ́ àdéhùn ilé ló ti màmá sí gbèsè. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ni ilé, ọwọ́ wọn nìkan ló sì gbọ́dọ̀ ti ra bíà, iye yòówù tí wọ́n bá pè é. Mo rí ìwé owó àgbá kan lórí káńtà lọ́jọ́ kan, mo ṣírò ẹ̀: iye tí gíláàsì kan ń ná màmá kò jìnnà sí iye agolo méjì ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Kò tíì sanwó iná o, kò tíì san tèmi! Láti 2008 di 2013, ìjọba náà ń fi owó orí bíà sáré ju ọ̀wọ́n ọjà lọ. Nígbà tí wọ́n tún fowó kún owó ilé, màmá dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Òótọ́ ni pé ìjọ àwọn ará wa ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ilé yẹn ti ṣófo tipẹ́ kí ìlù wa tó wọ ibẹ̀.

Ẹ wo Ivy House, pọ́ọ̀bù kan ní Nunhead ní London. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n tà á, àwọn ará àdúgbò lo òfin 2011 tó ń fún wọn láyè láti wá owó rà á kí ẹlòmíì tó rà á, wọ́n yáwó, wọ́n ta ṣíà láàárín ara wọn, ó ṣí padà ní 2013. Àwọn fúnra wọn ni onílé.

Láti 2016, òfin ti gba ayálégbé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láyè láti san owó ilé nìkan, kí wọ́n ra bíà níbi tó wù wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti béèrè fún un, ṣé onílé gbà wọ́ọ́rọ́wọ́, àbí wọ́n fowó ilé gbẹ̀san?