Kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ọmọ níbi kánsẹ́lọ̀ (agbaninímọ̀ràn) gan-an?

Abíkẹ́_Mushin:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́sìn ló bá a ṣèṣekúṣe. Ọmọ ọdún 8 ni. A ti gbé e lọ ọsibítù, ọlọ́pàá sì ti mú ọkùnrin náà. Àmọ́ ọmọ tún ti ń tọ̀ sílé, bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Wọ́n ní ká máa mú un wá rí kánsẹ́lọ̀. Bàbá rẹ̀ ní àdúrà ti tó, kí ni ọ̀rọ̀ ẹnu fẹ́ ṣe?

Ìyá Kòrédé:
Abíkẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Bá mi kí màmá ọmọ náà.

Mo mú tèmi lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó rò ó látìbẹ̀rẹ̀. Ẹní ni wọ́n tẹ́, bèbí wà ńlẹ̀, kíréyọ̀nù wà ńlẹ̀. Ọmọ ya ilé kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Arábìnrin kánsẹ́lọ̀ náà ò bi í pé kí ló dé, ó kàn ní, “Ta ló ń gbébẹ̀?” Wọ́n kọ́ ọ bí á ṣe máa mí tí ẹ̀rù bá dé: kó fà á sínú, kó rọra fẹ́ ẹ jáde bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn pẹ́ kó tó jáde, òun fúnra rẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀.

Èmi gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Ojú ìyá lọmọ ń wò. Bí mo bá ń sunkún ṣáá, á rò pé òun ló fà á. Wọ́n ní kí n máa sọ fún un pé mo gbà á gbọ́, pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Bó bá tọ̀ sílé, ká pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ká panu mọ́. Bàbá rẹ̀ náà wá, ó fajú ro bí ẹni wọ́n fipá mú, òun ló wá sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ náà!

Mo ṣì ń gbàdúrà, ìkan ò dí ìkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá ní kí oníṣẹ́ ibi yẹn wá dọ̀bálẹ̀ nílé, ẹ má mú ọmọ débẹ̀ o.

Ará_Ìkẹjà:
Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà nínú ọgbà LASUTH, ọsibítù ìjọba Èkó ní Ìkẹjà, láti 2013, wọn kì í gbowó. Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, kó sáré: oògùn tó ń dènà HIV, wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.

Abíkẹ́_Mushin:
Ẹ ṣeun gan-an mà. Bí bàbá bá wá kọ̀ ńkọ́?

Ìyá Kòrédé:
Kí ìyá ẹ̀ máa mú un lọ. Bàbá á bá wọn níbẹ̀ tó bá yá.