Jíà ẹ̀yìn wọlé, tiwájú kọ̀: ẹ gbà mí o!

Àkànní (Houston): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹni tó bá mọ Jeep kó dá mi lóhùn kíákíá. Ẹ rántí Cherokee 1998 tí mo fi ránṣẹ́ sílé, tí mo ní n ó fi máa lọ oko Bàámi? Látìgbà tí mo ti gbé tààyà ńlá oní-ínǹṣì 33 sí i ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá rí òkè. Mo ra jíà axle, 4.56 (ọ̀pá ń yí nígbà 4.56 kí tààyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tiwájú tẹ̀yìn, mo kó o sínú bùùtù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí. Mẹkáníìkì tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sábẹ́ igi máńgòrò lánàá, ó tú gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Tẹ̀yìn wọlé. Tiwájú kọ̀, kò jókòó lára carrier, irin tí wọ́n ń de jíà mọ́ nínú axle. Ó ní ká fi 3.55 àtijọ́ sílẹ̀ níwájú, pé ṣebí ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Mo wà á dé Tákíè, ó ń kùn wùùù bí oyin. Sátidé ni mò ń padà. Ṣé kí wọ́n tún un tú ni àbí kí n máa wà á bẹ́ẹ̀?

Ìyá Bọ́lá (Calgary): Àkànní, má fọwọ́ kan lívà four-wheel yẹn o, iwájú àti ẹ̀yìn ò ní yí dọ́gba! Carrier inú Dana 30 (axle iwájú tìẹ nìyẹn) tó ń gbé 3.55 kì í gbé 4.56. Láti 3.73 lọ sókè, carrier tiwọn lọ́tọ̀ ni. Èmi náà ra tèmi láìbéèrè. Mo tú u, ó ń wò mí, mo ń wò ó. Mo sì ti ya páálí ẹ̀, wọn ò gbà á padà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi wálé Kérésì ló bá carrier lọ.

Àjàní (Dallas): Ẹ̀yin Ògbómọ̀ṣọ́! Ẹsẹ̀ iwájú ń lọ Ọ̀yọ́, tẹ̀yìn ń lọ Ìlọrin, ẹ tún ń béèrè bóyá ẹ lè máa wà á.

Láyí (Manchester): Bùọ̀dá Àjàní, ẹ rọra. Bó bá ti wà ní two-wheel, kò sóhun tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Mo wà tèmi bẹ́ẹ̀ fóṣù méjì gbáko.

Àjàní: Kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹta?

Láyí: Ó dáa, n ò ní purọ́. Yìnyín bọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fa lívà. Nínú yìnyín, kò ṣe nǹkan kan, tààyà ń rí ibi yọ̀ sí. Mo wá gbàgbé, mo gùn títì gbígbẹ. Ọkọ̀ ń wọ́ bí ẹni tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ó ṣe díẹ̀, gbàù! Ṣéènì transfer case, àpótí tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, ti já. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fà á, kì í ṣe ẹ̀bi jíà.

Àjàní: Ta ni yóò máa wà á lọ oko bí Àkànní bá ti padà? Àbúrò ẹ̀ ni. Bí ẹrẹ̀ bá gbé e, kí lo rò pé ọmọ yẹn máa fà?

Láyí: Kí wọ́n yọ ọ̀pá tó lọ síwájú kúrò nígbà náà. Lívà di ohun ìṣeré nìyẹn.

Àjàní: Kó wá ní Jeep tí kì í ṣe four-wheel. Kó kúkú ra Corolla.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tariwo. Àkànní, bó o bá tẹ ẹ ló ń kùn ni, àbí bó o bá gbẹ́sẹ̀? Ṣé ó fọ̀dà kun eyín crown, jíà ńlá yẹn, kó tó dè é, láti rí ibi tí eyín ti ń kanra?

Àkànní: Bí mo bá tẹ ẹ ni, mà. Ọ̀dà kẹ̀? Ọwọ́ ló fi mì í, ó ní ó dọ́gba. Àwọn ṣímù, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣètò àyè jíà, tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà, ó kó wọn padà bó ṣe bá wọn. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí crush sleeve tuntun, òrùka irin tó máa ń fún pọ̀ bí wọ́n bá de jíà, nínú ọ̀rá níbí, a ò tíì ya á.

Ìyá Bọ́lá: Háà! Èyí tó ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló dá padà yẹn. Àyè eyín gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.006 sí 0.010 ínǹṣì, ọwọ́ wo ló lè mọ̀yẹn? Dial gauge, aago tí wọ́n fi ń wọn àyè tín-ín-rín, ni. Bó bá wá dáa, kìlómítà bíi 25 péré, dúró kó tutù fún ààbọ̀ wákàtí, tún lọ. Bó bá pé 800, yí ọ́ìlì.

Àjàní: Kó máa bọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, kó tutù l'Ákẹ̀sán. Ajíṣebí Ọ̀yọ́ là á rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan.

Ọmọ Ṣọ̀ún (Dublin): Ẹ̀yin ẹ gbé e dé Dallas, tí Houston ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àkànní, máńgòrò orí bónẹ́ẹ̀tì nínú fọ́tò yẹn, ta ló ni ín? Itọ́ ń dá lẹ́nu mi.

Àkànní: Igi yẹn náà ló ń já sílẹ̀. Ìkan tiẹ̀ bọ́ sínú axle níbi tó ṣí sílẹ̀, a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí dial gauge?

Láyí: Lọ wo LAUTECH, lọ́dọ̀ àwọn mechanical. Wọn ò ní ṣàìní.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Bó o bá ń bọ̀ láti LAUTECH, ya ra wàrà. Díndín o, kì í ṣe tútù. Ọdún kẹfà rèé.

Ìyá Bọ́lá: Tèmi ńkọ́?

Àjàní: Ẹ bu tèmi náà. Ọ̀rọ̀ wàrà nìkan ni mo gbà fún Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànní: Ẹ̀yin èèyàn mi, Sátidé ni mo ní o.