Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ padà wọ ilé Stauf, ẹ̀dà wo ni kí n rà?

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Géèmù kan wà tó ń jẹ́ The 7th Guest, ọdún 1993 ló jáde. Inú ilé ńlá kan tí iwin kún ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ilé Henry Stauf tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Àlejò mẹ́fà ni ọkùnrin yìí pè wá síbẹ̀ lóru. Ẹni tó ń ta géèmù náà, bí ẹni ta ayò, ló máa rìn láti yàrá dé yàrá, á máa tú àdìtù. Bó bá ti tú ọ̀kan, àwọn àlejò yẹn á yọ bí iwin, wọ́n á ṣe díẹ̀ hàn nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru náà, ilẹ̀kùn mìíràn á sì ṣí.

Àǹtí mi kan ní Òkè-Ìlewọ́ ló ní kọ̀ǹpútà tá a fi ń ta á. Ọmọdé ni wá, a ò rí i parí. Mo fẹ́ wọ ilé yẹn padà báyìí, kí n gòkè dé yàrá abẹ́ òrùlé, kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn yẹn. Mo ti rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ ti pọ̀: ti àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n tún ṣe wà, èyí tí wọ́n ń dé awò mọ́jú fún, kó lè dà bíi pé èèyàn wà nínú ilé náà gan-an, náà wà. Èwo ni kí n rà? Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti lò pẹ́. Ọmọ mi obìnrin, ọdún mẹ́sàn-án, náà fẹ́ ká jọ ta á. Bí ẹ bá mọ géèmù mìíràn tó jọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Alátùnṣe Kútọ̀

Ẹ̀dà àtijọ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ó wà lórí GOG, ó sì wà lórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wá àwo sídíì rẹ̀ kiri Abẹ́òkúta. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí i, ibo lẹ fẹ́ kì í bọ̀ lára kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí? Windows òde òní náà ò sì lè dá géèmù DOS, ìyẹn ti kọ̀ǹpútà àtijọ́, ṣí.

Ohun tó máa bá yín ṣí i ni ScummVM, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣí géèmù àtijọ́. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í béèrè agbára lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kódà kọ̀ǹpútà tó ti gbó á gbé e. Windows ń gbé e, Mac ń gbé e, Linux ń gbé e, fóònù Android náà ń gbé e. Bẹ́ ẹ bá ti ra géèmù, ẹ ṣí ScummVM, ẹ fi fódà tí àwọn fáìlì rẹ̀ wà hàn án, á dá a mọ̀ fúnra rẹ̀.

Nípa dátà: sídíì méjì ni géèmù yìí wà lórí rẹ̀ nígbà tó jáde, nítorí náà ó tóbi ju àwọn géèmù ayé ìgbà yẹn lọ, àmọ́ kò tó ìdá kékeré nínú géèmù bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ wà á lóru bí dátà òru bá wà lórí fóònù yín.

Ìyá Ìbejì Àṣẹ̀rò

Ọmọ Ìtòkú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yín kẹ́ ẹ tó yọ owó. Ilé Stauf kì í ṣe ilé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ibi tí ìtàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí ń rìn kiri láìnílé, ó sì pa obìnrin kan lójú ọ̀nà nítorí pọ́ọ̀sì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá lálàá rí bèbí kan, ó gbẹ́ ẹ, bèbí yẹn sì sọ ọ́ di olówó. Àwọn ọmọ tó ń gbé bèbí rẹ̀ sùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, wọ́n ń kú. Ọmọ tó ní bèbí tirẹ̀ lórí ibùsùn á gbé ìtàn yẹn lọ sùn. Ọmọdé kan tún wà nínú ilé náà, Tad lorúkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fẹ́ ṣe fún un kò dáa lójú ọmọ rárá.

Ẹ fún un ní Maniac Mansion. Lucasfilm ló ṣe é lọ́dún 1987, ilé ńlá abàmì kan náà ni, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló sì ń wọnú rẹ̀ lọ gba ọ̀rẹ́ wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa yan àwọn tó máa tẹ̀ lé Dave, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ọgbọ́n tí kálukú wọn ní sì yàtọ̀, bẹ́ ẹ bá yan ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀nà tí ẹ máa gbà yanjú rẹ̀ á yí padà. Ẹ̀rín ló pọ̀ nínú rẹ̀. ScummVM tí Alátùnṣe ń sọ, irú àwọn géèmù Lucasfilm wọ̀nyí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é lọ́dún 2001, nítorí náà ohun kan náà ni yóò bá yín ṣí méjèèjì.

Tó bá di ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá, Shivers ni mo fọwọ́ sí. Sierra ló ṣe é, 1995. Wọ́n ti ọ̀dọ́ kan mọ́ inú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí di ilẹ̀ mọ́. Àwọn ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní Ixupi ń lúgọ níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wá ìkòkò ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn àti ọmọrí rẹ̀, kó dé wọn mọ́nú. Ibi tí àwọn ìkòkò náà wà máa ń yí padà bí ẹ bá tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani, àmọ́ kò dà bíi ti Stauf.

Àkànní Láfẹ́nwá

Ìyá Ìbejì ti sọ òótọ́ nípa ọmọ. Ó ku ọ̀rọ̀ àgbà.

Ẹ̀dà àtijọ́ ni kẹ́ ẹ ta, ẹ jẹ́ kí n sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tó padà síbẹ̀ ló ń ṣí i, tí wọ́n ń rí àwòrán tó ṣú, tí wọ́n sì ń pa á dé. Rob Landeros àti Graeme Devine ló ronú kàn án. Ilé iṣẹ́ géèmù Virgin ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ tiwọn, Trilobyte, sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà. Dísíkì pẹlẹbẹ ni géèmù ń wọ̀ nígbà yẹn, 1.44 MB sì ni ọ̀kan gbà. Sídíì kan gba nǹkan bí 650 MB. Àwọn méjì yìí wò ó, wọ́n ní àwọn ò ní ṣe èyí tó máa wọ dísíkì rárá, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé Stauf, kó lọ ra ẹ̀rọ sídíì. Àwọn èèyàn sì rà á. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ẹ̀dà tí wọ́n tà.

Gbogbo yàrá inú ilé yẹn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á. Àwọn àlejò, òṣèré gidi ni wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n ṣeré níwájú aṣọ aláwọ̀ kan, wọ́n wá gé àwòrán wọn kúrò lára aṣọ náà, wọ́n fi sínú yàrá. Gígé yẹn ò mọ́ tán, ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣẹ́ kù létí ara wọn. Ohun tó yẹ kó jẹ́ àbùkù yẹn ló sọ wọ́n di iwin. Bẹ́ ẹ bá mú un kúrò, èèyàn lásán ló máa kù tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń dé awò fún. Ọdún 2023 ló jáde, iṣẹ́ ńlá ni, ilé náà rẹwà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣèré mìíràn ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti pààrọ̀ àwọn àdìtù. Ẹni tó bá ń wá ilé tó mọ̀ ní kékeré kò ní bá a níbẹ̀.

Ẹ má fi gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá wò ó. Ẹ jẹ́ kó kéré, ẹ pa iná yàrá, ẹ ki íyàpíìsì bọ etí. Orin George Sanger ló gbé ìdajì ẹ̀rù ilé yẹn. Sídíì kejì ìgbà náà, bẹ́ ẹ bá kì í bọ ẹ̀rọ orin lásán, orin á máa jáde nínú rẹ̀.

Mo ń gbé nítòsí àwọn ilé alájà tí àwọn Sàró kọ́ sí ìlú yìí, àwọn tí àtẹ̀gùn pákó wọn ṣì ń dún bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń rìn nínú ilé Stauf náà nìyẹn, mi ò kánjú. Bí ẹ bá tẹ ọ̀nà kan, géèmù náà máa ń rọra gbé yín lọ síbẹ̀, kò ṣeé fò. Ẹni tó ń kánjú á bínú. Ẹ fara balẹ̀, ẹ wo ògiri.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣeun gan-an. Maniac Mansion ni èmi àti ọmọ á ta, ti Stauf á di tèmi àti àbúrò mi tá a jọ ta á nígbà náà. Ẹ̀rù àdìtù ló kù tó ń bà mí. Mo rántí èyí tó ní agolo tí lẹ́tà wà lára wọn, nínú ilé ìdáná. Òun ló dá wa dúró. Ṣé ó bójú mu kéèyàn wo ìdáhùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Lójú tèmi, ẹ wo fídíò ìdáhùn lórí YouTube fún èyí tó bá le. Ìtàn ni mo máa ń wá, àdìtù ń fa ìtàn sẹ́yìn. Fún ẹni tó bá fẹ́ nǹkan orí fóònù, ẹ wo The Room ti Fireproof Games, 2012. Àpótí ni wọ́n á gbé síwájú yín, tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú kọ́kọ́rọ́, ẹ óò máa fi ìka yí i, ẹ óò máa fà á, títí á fi ṣí. Kò sí ilé láti rìn kiri nínú rẹ̀, síbẹ̀ òórùn ilé òkú wà lára rẹ̀.

Olùkọ́ Ọbáńtokò

Àbúrò mi Alábàtà, mo lòdì sí ti fídíò. Géèmù náà fúnra rẹ̀ ti pèsè ìrànlọ́wọ́. Ìwé kan wà ní yàrá ìkàwé. Lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ bá lọ bá a nípa àdìtù kan, ó máa fi ọ̀nà hàn yín. Lẹ́ẹ̀kẹta, á bá yín tú u. Ti àdìtù ìkẹyìn nìkan ni kò ní bá yín ṣe. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ padà wá ronú. Fídíò máa sọ gbogbo rẹ̀ lójú kan, kò ní ku nǹkan kan fún orí yín ṣe.

Ti agolo ilé ìdáná, mo fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìwé bá yín parí rẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tò, kò sì sí A, E, I, O tàbí U nínú ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, Y nìkan ló dúró fún gbogbo wọn. Kì í ṣe orí ló ń dán wò, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ̀wọ́n ni. Nítorí irú èyí náà ni n kò fi gbà yín níyànjú láti ra The 11th Hour, géèmù tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1995. Sídíì mẹ́rin ni, àlọ́ Gẹ̀ẹ́sì onítumọ̀ méjì-mẹ́ta ló sì kún inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù, ìṣirò ni, ìṣirò kò ní èdè. Kéèkì tó wà nílé oúnjẹ: ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà, kí agbárí méjì, òkúta ibojì méjì àti ojú kan tí kò ní nǹkan wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun, nítorí igun ni ọ̀nà ti kéré jù. Ti àwọn ayaba ṣẹ́ẹ̀sì: mẹ́jọ ni wọ́n, kò sì gbọ́dọ̀ sí èyí tó lè pa ìkejì rẹ̀. Ọ̀nà 92 ló wà tí wọ́n lè gbà jókòó, nítorí náà ẹ má ronú pé ọ̀kan ṣoṣo lẹ ń wá. Mo máa ń ya ojú pátákó yẹn sójú ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ó, ọwọ́ wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ rí i kí ojú wọn tó rí i.

Ìwé àti pẹ́ńsù ṣe pàtàkì. Kápẹ́ẹ̀tì kan wà nínú yàrá ìbùsùn kan lókè tó ní ọnà kan lára. Ẹ yà á. Nígbà tí ẹ bá wọ abẹ́ ilẹ̀ ilé náà, ibẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tó lọ́ mọ́ra tí gbogbo ògiri rẹ̀ jọra, ẹ máa mọ ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yà á.

Àkànní Láfẹ́nwá

Olùkọ́, ẹ ò sọ ti àdìtù inú máíkírósíkóòpù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ géèmù yìí sílẹ̀.

Olùkọ́ Ọbáńtokò

Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Òun nìkan ni Stauf ti ń bá yín ta, ọmọ ayò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, lórí ojú méje sí méje. Bẹ́ ẹ bá sún ọmọ yín sí ojú tó kàn án, ó di méjì. Bẹ́ ẹ bá mú un fo ojú kan kọjá, ọ̀kan náà ló ṣì jẹ́, ibi tó ti kúrò á sì ṣófo. Gbogbo ọmọ Stauf tó bá yí ibi tó bọ́ sí ká á di tiyín. Fífò ló ń pa èèyàn, nítorí ihò tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín ọmọ tiyín ni Stauf máa bọ́ sí, tí á sì kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa sún, ẹ má ṣe fò láìjẹ́ pé ẹ máa kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ kó ọmọ yín jọ sí igun kan, kó má sí àyè láàárín wọn. Ẹ ka àwọn ojú tó ṣófo nígbà tó bá ń parí lọ, torí ẹni tó bá ta èyí tó kẹ́yìn ló sábà máa ń borí.

Bí ó bá ṣì nà yín, ẹ lọ bá ìwé. Ìtàn tó wà níwájú dùn ju kẹ́ ẹ pa á tì síbẹ̀ lọ.

Alátùnṣe Kútọ̀

Kókó kan tí mo gbàgbé: ẹ lo máòsì gidi, ẹ má lo ojú pẹlẹbẹ tó wà lára laptop. Ọwọ́ eegun tó ń tọ́ka lórí ojú géèmù yẹn ló ń sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Bó bá ń pè yín, ọ̀nà wà níbẹ̀. Bó bá ń mi ìka, kò sí ọ̀nà. Bó bá di agbárí tí ọpọlọ ń mì tìtì nínú rẹ̀, àdìtù nìyẹn. Bí ọwọ́ yín kò bá dúró dáadáa, ẹ óò kọjá lórí rẹ̀ láìrí i. Kẹ́ ẹ sì máa fi ibi tí ẹ dé pamọ́ lẹ́yìn àdìtù kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí kò bá sí bátìrì tó dáa lára laptop yín.

Ìyá Ìbejì Àṣẹ̀rò

Kọ́mọ yín sì ti sùn kẹ́ ẹ tó ṣí i.