Òpópónà ọjà àtijọ́ láàárín ìlú wa ń kú lọ: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọnà ní òpópónà kan tí gbogbo ìlú ti ń ná ọjà nígbà kan. Ilé bíríkì pupa ló tò síbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè, gbọ̀ngàn orin kan sì wà ní ìpẹ̀kun. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìtajà ńlá sí ẹ̀yìn ìlú, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń yà sí. Íntánẹ́ẹ̀tì wá gba àwọn tó kù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú ìwé àti bírò, mo fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣọ́ọ̀bù 46 ni mo kà, 19 nínú wọn ló wà ní títì. Lẹ́tà ti kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀kan débi pé n kò rí ilẹ̀ mọ́ nígbà tí mo yọjú wò ó. Ẹnì kan ti fi ìka kọ "ẹ ṣí wa" sára eruku gíláàsì rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè kúrò níbẹ̀.

Ìjọba ìlú ti gbà láti fún wa lówó díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ọdọọdún. Ìgbìmọ̀ wa sì ti pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní ká kun ojú gbogbo ilé, ká ṣe àjọ̀dún ńlá kan. Àwọn kan ní ká lé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Àwa tó kù ní ká fi oníṣẹ́ ọnà sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn onílé ò dá wa lóhùn. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, tàbí tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, kó jọ̀wọ́ gbà mí nímọ̀ràn.

Onílé

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ní ilé méjì ní irú òpópónà bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà ni mo fi ti ọ̀kan nínú wọn pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa onílé kì í sọ nípàdé.

Ẹ̀rù ló ń bà wá. Tí mo bá fi ilé sílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, iye yẹn ni báǹkì tó yá mi lówó máa fi díwọ̀n ilé mi. Tí mo bá tì í pa, mo ṣì lè máa dárúkọ iye tó wù mí. Ẹ̀rù kejì ni ayálégbé tó máa wọlé tí kò ní fẹ́ jáde mọ́ nígbà tí ẹni tó fẹ́ san owó gidi bá dé. Ẹ̀kẹta, òrùlé ń jò, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé rí i.

Lẹ́tà ò lè lé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ìgbìmọ̀ kọ sí mi, n kò tú u títí di òní. Obìnrin kan ló wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní: "Bàbá, n kò wá háyà ilé yín. Ẹ jẹ́ ká máa lò ó, ká máa gbá a, ká máa tan iná ibẹ̀, ká sì san owó adójútòfò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ayálégbé, ẹ fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́, a ó kó jáde." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló háyà ilé náà lọ́wọ́ mi, owó pípé ló sì san. Wọ́n kó jáde bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Mo ṣí ilé kejì fún wọn.

Ayàwòrán

Irú àdéhùn tí Bàbá sọ yìí ni wọ́n fi jí àárín ìlú Newcastle dìde ní Ọsirélíà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ irin ńlá ibẹ̀ kógbá sílé lọ́dún 1999, ìlú náà fojú winá, ṣọ́ọ̀bù sì ń ṣófo lọ. Lọ́dún 2008, Marcus Westbury dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Renew Newcastle. Nígbà náà, wọn kì í gba ilé bí ayálégbé. Ìwé ìyọ̀ǹda ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n ń tún ṣe bó bá ti ń parí. Ẹgbẹ́ yẹn ló dúró láàárín, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni onílé ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ayàwòrán mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá kejì náà, nítorí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ inú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ṣófo ní SoHo ní New York. Òfin ò gbà wọ́n láyè níbẹ̀ títí di 1971. Wọ́n gbá a, wọ́n tún un ṣe, èrò dé, olówó tẹ̀ lé èrò. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, owó ilé ti lé àwọn ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà lọ sí Chelsea, àdúgbò mìíràn ní New York. Àwọn tó ṣán igbó kọ́ ló jẹ nínú oko.

Ìlú Paducah ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2000. Wọ́n jẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà ra ilé àtijọ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ní àdúgbò Lower Town ní owó kékeré, báǹkì ìlú náà sì yá wọn lówó láti tún un kọ́. Wọ́n di onílé. Akọ̀wé, tó bá jẹ́ ìjọba ìlú ló ni ọ̀kan péré nínú ilé 19 yẹn, ẹ tọrọ rẹ̀ nísinsìnyí tí kò wu ẹnikẹ́ni. Tí èrò bá ti dé, ẹ ò ní rí i gbà mọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Onílé, ẹ ti la ojú mi sí ohun tí n kò rò rí. Àmọ́ ta ló máa náwó sórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù kan?

Ayàwòrán

Ẹni tí ẹrù rẹ̀ lè wọ inú ọkọ̀ ẹyọ kan ni. Ayafọ́tò, alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tó ń di ìwé, aránṣọ. Amọ̀kòkò tó ní ààrò ńlá, ẹ wá ibòmíràn fún un. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ di yàrá ìkẹ́rùsí. Ilẹ̀kùn tì bíi ti tẹ́lẹ̀, gíláàsì nìkan ló mọ́.

Bíríkìlà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ ọ̀dà dúró! Iṣẹ́ bíríkì àtijọ́ ni mo ń ṣe jẹun, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògiri yẹn kí ẹ tó ka èyí tán.

Bíríkì ayé àtijọ́ rọ̀ ju tòde òní lọ. Ẹfun jíjó àti yanrìn ni wọ́n sábà fi ń mọ ọ́n, kì í ṣe símẹ́ǹtì. Ẹfun yẹn rọ̀ ju bíríkì fúnra rẹ̀, ohun tó sì ń gbà á là nìyẹn. Omi tó bá wọ ara ògiri, ojú ìdè, ìyẹn ibi tí ẹfun ti so bíríkì kan mọ́ èkejì, ló ń gbà jáde. Tí ẹ bá wá fi símẹ́ǹtì líle dí i, omi ò rí ọ̀nà mọ́, àyàfi kó gba inú bíríkì jáde. Á wá máa ṣí ojú rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ògiri mí ń ṣe ohun kan náà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, a fi símẹ́ǹtì dí ògiri kan, ó dán, gbogbo èèyàn yìn wá. Mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ bíríkì kan, ó di lẹ́búlẹ́bú sí mi lọ́wọ́. Símẹ́ǹtì wa ló kù tó yọ síta bí eegun ìhà. Ó dùn mí títí di òní.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ ha ojú ìdè náà. Tó bá ń dà wálẹ̀ bí ìyẹ̀fun funfun, ẹfun ni, ẹfun náà ni kí ẹ fi tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun máa fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn lù ú kó lè mọ́, ẹ lé e lọ. Iná tó sun bíríkì ló sọ ìta rẹ̀ di líle. Bí yanrìn bá ti bó awọ yẹn, bíríkì á máa mu omi bíi kànrìnkàn.

Owó tí ìjọba fún yín, ẹ kọ́kọ́ gun òrùlé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo páìpù tó ń gba omi òjò, ẹ wo ibi tí ewéko ti hù lára ògiri, nítorí ibẹ̀ ni omi wà. Tí ẹ bá sì rí ilé tí wọ́n fi páànù bo ojú rẹ̀, ẹ ṣí igun kan wò ná. Mo ti bá fèrèsé àtijọ́ tó pé pérépéré lẹ́yìn irú páànù bẹ́ẹ̀ rí, gíláàsì rẹ̀ ò sán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ètò Ìlú

Mo fara mọ́ àwọn tó ní kí ọkọ̀ kúrò. Ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ọdún 1962 ni wọ́n lé ọkọ̀ kúrò ní Strøget, òpópónà ọjà wọn. Àwọn oníṣòwò pariwo pé ọjà àwọn máa kú, kò kú. Òpópónà náà lé ní kìlómítà kan lónìí, ó sì ń kún fún èrò.

Oníṣòwò Aṣọ

Àbúrò mi, mo gbọ́ ti Copenhagen. Ṣé ẹ gbọ́ ti Kalamazoo ní Michigan? Ọdún 1959 ni wọ́n lé ọkọ̀ kúrò ní òpópónà ọjà wọn, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìlú wò wọ́n ṣe, tiwọn sì dá páropáro. Lọ́dún 1998, Kalamazoo fúnra rẹ̀ tún ṣí apá kan padà fún ọkọ̀. Ohun tó ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rajà ní Strøget ló ń fi ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ èrò débẹ̀. Ibi tí oníbàárà ti ń wa ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, tí kò sì sí ẹni tó ń sùn lókè àwọn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ bá lé ọkọ̀, ẹ ti lé òun náà nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Old Pasadena ní California. Àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ wọn ló ń gbé ọkọ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tiwọn látàárọ̀ dalẹ́, oníbàárà ò ráyè. Ìjọba fẹ́ fi ẹ̀rọ gbowó ibi ìgbọ́kọ̀sí síbẹ̀, àwọn oníṣòwò kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tí ìjọba ṣèlérí pé àdúgbò yẹn gan-an ni owó náà máa bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n tó gbà. Wọ́n fi ẹ̀rọ síbẹ̀ lọ́dún 1993, wọ́n sì fi owó rẹ̀ tún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe, wọ́n tan iná, wọ́n tún àwọn ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ilé ṣe. Ẹni tó san owó ń fojú rí ibi tó wọlé sí. Akọ̀wé, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ ka ọkọ̀ tó wà níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù yín ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí ẹ wádìí ẹni tó ni ín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ètò Ìlú

Mo gbà pẹ̀lú yín, Àǹtí. Àmọ́ ẹ rántí pé ìdánwò lásán ni ti Strøget náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìdènà tó ṣeé gbé kúrò dí ọ̀nà ní ọjọ́ kan láàárín oṣù, ẹ ka èrò, ẹ bi àwọn oníṣòwò léèrè iye tí wọ́n tà. Ẹ má tíì fi kọnkéré sí i.

Alábòójútó Ọjà

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ti ẹni tó máa ṣe é. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Main Street, ètò tí wọ́n fi ń jí òpópónà ọjà àárín ìlú dìde, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, ìlú kékeré mẹ́ta ni wọ́n fi dán an wò: Galesburg ní Illinois, Hot Springs ní South Dakota, àti Madison ní Indiana. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹnì kan wà tí wọ́n ń sanwó fún, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju òpópónà yẹn lọ. Èèyàn dáadáa ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ nìkan ni wọ́n ráyè, onílé sì ti ń sùn nígbà yẹn.

Ní ti owó tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ wo àdúgbò Bloor West Village ní Toronto, ní Kánádà. Lọ́dún 1970, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ní kí ìjọba fi òfin gba owó ìtọ́jú òpópónà lọ́wọ́ gbogbo àwọn, kó sì dá a padà fún àwọn láti ná. Nítorí pé kálukú ló ń san án, kò sí ẹni tó ń jẹ níbi tí kò dáwó sí. Ọ̀pọ̀ ìlú káàkiri ayé ti kọ́ ọ lára wọn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tẹ́wọ́ gba gbogbo rẹ̀. A ti dá iṣẹ́ ọ̀dà dúró. Mo jí ní kùtùkùtù àná láti lọ ka ọkọ̀: 14 ló wà níbẹ̀, mo sì mọ ẹni tó ni 11 nínú wọn. A máa jíròrò rẹ̀ nípàdé, kò ní rọrùn.

Mo ti rí ẹni tó ni ilé tí lẹ́tà kún yẹn. Obìnrin àgbàlagbà ni, kò gbé nítòsí mọ́, ọwọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni mo ti gba nọ́ńbà. Mo pè é, ó ní òrùlé ló ń já òun láyà. Mo ní kí ó jẹ́ ká gbé bíríkìlà kan àti àkàbà wá, ká kàn wò ó lásán. Ó gbà fún Ọjọ́bọ̀.

Bàbá Onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dà ìwé ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ̀yin àti obìnrin yẹn jọ tọwọ́ bọ̀, ẹ pa orúkọ inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́rú. Mo fẹ́ mú un dání lọ.