Ṣé kí n ra èédú oògùn sílé nítorí májèlé?

Ìyá Faruq, Gànmọ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ aládùúgbò wa kan mu kẹrosín lọ́jọ́ Jímọ̀, inú ìgò mínírà ni wọ́n rọ ọ́ sí. Kí bàbá rẹ̀ tó ti Ọjà Ọba dé, ìyá àgbà ti gún èédú, ó ti pò ó mọ́ epo pupa, ó ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ara ọmọ náà ti yá báyìí, àlùhàmúdúlílàhì. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní òun rí èédú oògùn oníhóró (activated charcoal) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ẹni tó bá ní i nílé kò ní bẹ̀rù májèlé kankan mọ́. Àbíkẹ́yìn mi kò tíì pé ọdún méjì, gbogbo nǹkan ló ń kì bọ ẹnu. Ṣé kí n rà á? Àbí èédú ìdáná náà lè ṣe é?

Bàbá Ọ̀ffà:
Epo pupa ni tiwa. Kí ẹni náà mu ún, kó bì, ó tán.

Nọ́ọ̀sì Àṣàbí, Ìlọrin:
Ìyá Faruq, ẹ kú ewu ọmọ. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí gan-an. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, epo pupa yẹn ló ń bà wá lẹ́rù jù. Kẹrosín tó wà nínú ikùn kì í sábà pa ọmọ, èyí tó bá ya sí ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣọṣẹ́. Tí ọmọ bá bì, èyí tó ti sọ̀ kalẹ̀ tún gòkè wá nìyẹn, ó sì lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ ó rí ọmọ tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí ìhà rẹ̀ ń kó wọnú bó ṣe ń mí, òórùn kẹrosín lẹ́nu, epo pupa ní gbogbo àyà ẹ̀wù. Bí mo bá ti rí epo yẹn, mo ti mọ ohun tí wọ́n ṣe nílé. Èédú kò di kẹrosín mú dáadáa, ó sì lè mú ọmọ bì. Ẹ má fún un ní èédú, epo tàbí mílíìkì, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ bọ́ ẹ̀wù tó ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e wá.

Èédú inú àpò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà kì í ṣe ti oògùn o. Ooru omi tó gbóná janjan ni wọ́n sábà fi ń la inú ti oògùn, tí yóò fi kún fún ihò tí ojú kò lè rí. Bí a bá lè tẹ́ inú àwọn ihò yẹn sílẹ̀, gíráàmù kan péré á tó pulọ́ọ̀tì méjì, oní 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ibẹ̀ ni májèlé ń lẹ̀ mọ́, tí yóò fi bá ìgbẹ́ jáde kó tó wọ ẹ̀jẹ̀.

Ti rírà: ọmọ oníkílò 10 á nílò nǹkan bíi gíráàmù 10, àgbà 50. Bí hóró kan bá jẹ́ mílígíráàmù 250, 40 hóró nìyẹn fún àbíkẹ́yìn yín! Lọ́dọ̀ wa, lúbúlúbú la ń pò mọ́ omi, a ó dé ife náà kí ọmọ má bàa rí bó ṣe dúdú tó, a ó fi sítíróò sí i. Síbẹ̀ ó máa ń tu díẹ̀ sára bẹ́ẹ̀dì. Láàárín wákàtí kan tí ènìyàn bá gbé májèlé mì ló wúlò jù. Ẹni tó bá ń tòògbé, a kì í rọ ọ́ sí i lẹ́nu, kó má bàa gba ọ̀nà èémí. Ẹ má rà á.

Ìyá Faruq, Gànmọ̀:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Májèlé wo ló wá ń ṣiṣẹ́ fún? Sniper ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àṣàbí, Ìlọrin:
Ó ń di ọ̀pọ̀ oògùn tí ènìyàn bá lò jù mú: Paracetamol, amitriptyline (oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn), phenobarbital (oògùn wárápá). Kì í di ọtí mú, kì í di sóódà ọlọ́ṣẹ mú. Ńṣe ló máa kun ọ̀fun dúdú tí dókítà kò fi ní rí ojú egbò tí sóódà dá síbẹ̀. Irin náà kò ṣeé fi èédú mú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin aláboyún: oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún yín ní kílíníìkì, irin ni. Ọmọdé á rò pé suwíìtì ni, ó sì lè pa á. Ẹ tì í mọ́ àpótí.

Ti Sniper, láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò 100ml rẹ̀ lọ́jà mọ́. Wọ́n dán èédú wò ní Sri Lanka lára àwọn tó ju 4,000 lọ, oògùn kòkòrò ni ọ̀pọ̀ wọn mu. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: èédú kò dín iye tó kú kù. Ẹni tó bá mu Sniper, itọ́ rẹ̀ á máa ṣàn, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì. Oògùn kan tó ń jẹ́ atropine ni wọ́n ń fún un, ilé ìwòsàn nìkan ló sì ti lè rí i gbà.

Bàbá Ọ̀ffà:
Ọmọ mi, mo gbọ́. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ lóru lábúlé ńkọ́, tí kò sí mọ́tò?

Nọ́ọ̀sì Àṣàbí, Ìlọrin:
Ẹ ṣé, bàbá. Ọ̀kadà náà dára, ẹni kan á gbé ọmọ mọ́ àyà. Bó bá ń tòògbé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ títí ọ̀kadà yóò fi dé, ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ gbalaja. Jẹ́nẹ́rà tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ lọ. Ẹ mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání, kódà bó ti ṣófo, kí ẹ sì rántí aago tó mu ún, torí ohun tí a máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.