Ìyá àgbà kọ̀ láti gba òróró aláìsàn: kí la máa ṣe ní Ádífẹ́ǹtì yìí?

OmoAguda: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìyá àgbà wa kò lè jáde nílé mọ́ nítorí àìsàn. A fẹ́ kí Fádà wá fi òróró yàn wọ́n ní Ádífẹ́ǹtì yìí, ìyẹn àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò tíì fẹ́ kú. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kẹ́yìn. Èwo la ó kọ́kọ́ ṣe, kí la sì máa pèsè sílẹ̀?

KatikiisiAgba: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ fi yé wọn pé òróró yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń kú lọ nìkan. Ìgbìmọ̀ Fátíkàn Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, ti là á mọ́lẹ̀ ní 1963, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà sì tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní 1972. Ẹni tí àìsàn líle tàbí ogbó ti sọ di aláìlágbára lè gbà á. Ẹni tí àìsàn tó le máa gbé dé orí iṣẹ́ abẹ náà lè gbà á. Bí ara bá yá, tí àìsàn tún padà, tàbí tí èyí tó wà ńlẹ̀ bá le sí i, wọ́n lè tún un gbà. Ẹ ka Jákọ́bù 5:14-15 sí wọn létí.

Ìdádúró ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹbí á dúró títí ohùn á fi wọlé. Fádà á dé, aláìsàn ò sì ní lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan mọ́. Ìjẹ́wọ́ ló ń ṣáájú, òróró á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Ara Krístì (Kòmúníọ̀n).

Ẹ gbé tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn: aṣọ funfun, àgbélébùú, àbẹ́là, omi mímọ́, ife omi mímu, òwú díẹ̀. Bí wọ́n bá ń lo ọ́síjìn, ẹ má tan àbẹ́là o! Iwájú orí àti ọwọ́ méjèèjì ni òróró máa kàn, ẹ sún gèlè wọn sẹ́yìn. Bí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ sọ fún Fádà ṣáájú. Èérún kékeré lára Kòmúníọ̀n náà tó. Ààwẹ̀ wákàtí kan tó máa ń ṣáájú Kòmúníọ̀n kò de arúgbó, aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú wọn, nítorí náà kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn lásìkò.

IyaLijionu: Nípa ìjẹ́wọ́: ẹ bá wọn ka Òfin Mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe. Kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n jẹ́wọ́ kẹ́yìn, kí wọ́n dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá àti iye ìgbà. Bí wọn ò bá rántí iye, "ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀" ti tó. Bí wọ́n bá ti tọ babaláwo lọ nítorí àìsàn yìí, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń fi èyí pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn gbàgbé, Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì, kó ṣáà dárúkọ rẹ̀ nígbà mìíràn. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ló ń sọ gbogbo ìjẹ́wọ́ náà di asán. Bí Fádà bá ti jókòó tì wọ́n, kí gbogbo ilé bọ́ síta, títí kan olùtọ́jú wọn.

OmoAguda: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé àwọn tó ń gbé Kòmúníọ̀n ká ilé lè bá wa fi òróró yàn wọ́n?

KatikiisiAgba: Rárá o. Bíṣọ́ọ̀bù tàbí Fádà nìkan ló lè ṣe é. Díákónì pàápàá kò lè ṣe é. Àwọn yẹn lè máa gbé Ara Krístì wá fún wọn lẹ́yìn náà. Ẹ fi orúkọ ìyá sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọ kó tó di Sọ́ńdè kẹta Ádífẹ́ǹtì, èyí tí Fádà máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ róòsì. Láti 17 Oṣù Kejìlá, èrò ìjẹ́wọ́ máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ Fádà. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá yí padà lóru, ẹ pe Fádà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá.