Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí fíláàṣì àti àwọ̀ fọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo bèèrè ìdí tí fọ́tò mi fi ń ṣókùnkùn bí ẹni tí mo ń yà bá wọ aṣọ funfun, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń pọ́n bí ọsàn.

Ẹni tó ní kí n gbé flash exposure compensation (ibi tí a ti ń fi kún agbára fíláàṣì tàbí dín in kù) sí +1 ló gbà mí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé TTL (ètò tí kámẹ́rà fi ń fúnra rẹ̀ pinnu agbára fíláàṣì) máa ń kọ́kọ́ tan iná díẹ̀, kí kámẹ́rà fi wọn ìmọ́lẹ̀ tó padà wá, kó tó tan ti gidi. Àwọ̀ eérú, tí kò funfun tí kò sì dúdú, ni kámẹ́rà ń lépa. Bí aṣọ funfun bá gba ojú fọ́tò kan, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín iná kù. Aṣọ dúdú, òdì kejì ni: mo fi sí −1.

Gbígbé white balance (ètò tó ń mú kí funfun hàn ní funfun lábẹ́ irú iná tí a bá lò) sí àmì fíláàṣì ṣiṣẹ́ lápá kan. Àwọ̀ ojú èèyàn dára, ṣùgbọ́n ògiri ṣì pọ́n, torí fíláàṣì wà ní nǹkan bí 5500K (K ni ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: bó ṣe kéré tó ló ṣe ń pọ́n tó), gílóòbù yàrá sì sún mọ́ 3000K. Kò sí iye kan tó lè bá méjèèjì mu. Ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn tí mo lẹ̀ mọ́ ojú fíláàṣì ló yanjú ẹ̀, torí ó sọ àwọ̀ iná fíláàṣì di irú ti gílóòbù. Lẹ́yìn náà ni mo gbé kámẹ́rà sí àmì gílóòbù.

Ó ku yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti dà pọ̀ mọ́ ti gílóòbù. Raw (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ni mo ṣì ń fi yà á, mo sì ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣeun gan-an.